Apá Tó Gbé Sánmà Dúró

Ní Liepaja, létí òkun tó máa ń dì bí ọ̀rá,
àwa obìnrin méjìlá là ń gé orí ẹja
ká tó tò wọ́n sínú agolo, ìrù sí ìrù.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi sadíìnì jẹ búrẹ́dì láàárọ̀,
ẹ ò mọ̀ pé òtútù ìka wa wà nínú òróró yẹn.

Ausma ló ni ìwé náà. Kò níwájú, kò lẹ́yìn.
Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi pa mọ́ sábẹ́ àpò ànàmọ́
láyé ìgbà tí wọ́n ń torí ìtàn mú èèyàn.
Tá a bá jókòó sórí àpótí ẹja láago mẹ́wàá,
àwa á di ife tíì mú, òun á máa kà á.

Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Pẹ́pẹ́yẹ kan gun orí òkúta lọ́jọ́ kan,
ó na apá kan sókè, ó ní:
"Apá mi yìí ló gbé sánmà dúró.
Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí fún gbogbo wa.
Ẹ máa gbé ìdajì ọkà yín wá, kó má baà rẹ̀ mí."
Wọ́n gbé e wá. Ta ni yóò fẹ́ kí sánmà wó?
Ọdún gorí ọdún, ẹni orí òkúta ń sanra.
Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan, tí ìyẹ́ rẹ̀ ò tíì le,
ló béèrè: "Bàbá, tẹ́ ẹ bá sùn ńkọ́?"

Wọ́n tu ìyẹ́ ọmọ náà títí ó fi ku awọ.
Kì í ṣe ẹni orí òkúta o.
Àwọn tí ebi ń pa ló tu ú.

Ausma pa ìwé dé.
Kò sẹ́ni tó fọhùn, torí gbogbo wa la rántí Velta,
Velta tó bi ọ̀gá wa Zigurds
ibi tí owó ìbọ̀wọ́ ń gbà lọ,
owó ọ̀bẹ, owó iná, owó ìtanràn ẹni tó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀,
tí wọ́n ń yọ nínú owó wa lóṣooṣù
kí ilé iṣẹ́ má baà wó lé wa lórí.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ibi iyọ̀, nínú yìnyín.
A sorí kọ́, à ń gé orí ẹja.
Èmi gan-an ni mo ní, "Ẹnu rẹ̀ ló pa á."
Mo sọ ọ́ sókè díẹ̀, kó lè dé etí Zigurds.

Òwe ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Kò sọ fún wa pé òun náà la fi ń tu ìyẹ́ ọmọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n san owó oṣù Kejì,
Ausma fi ọ̀bẹ rẹ̀ lélẹ̀. Kò pariwo.
Mo gbọ́ tèmi náà tó kan irin tábìlì
kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ṣí.
Ó di mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Ó di mọ́kànlá.
Ẹ̀rọ ń yí, agolo òfìfo ń kọjá lọ,
sánmà Liepaja sì wà níbi tó wà,
ó rí bí eérú, ó tutù,
kò fi ìwọ̀n èékánná kan wálẹ̀.

Ìtàn náà ò lópin. Ẹnìkan ti ya ojú ìwé tó kẹ́yìn,
bóyá ó fi wé ẹja.
Ibi tá a kà á dé ni pé
wọ́n lé pẹ́pẹ́yẹ àgbà náà wọ odò,
òmíràn gun orí òkúta láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn,
ó na apá sókè

Èmi ni wọ́n yàn kí n lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀.
Velta ti padà sídìí tábìlì. Kò tíì kí mi.
Wọ́n fún mi ní àga onítìmùtìmù,
tíì gbígbóná, ṣúgà mẹ́ta.
Wọ́n ń pè mí ní màdáámù.
Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn tó kù lè gbọ́ràn sí lẹ́nu,
pé láìsí èmi, gbogbo rẹ̀ á dàrú.
Mo wo apá ọ̀tún mi lábẹ́ tábìlì.
Ó fẹ́ dìde.
Mo jókòó lé e.